Wi-Fi mi ń sùn, kò tètè jí: ta ló jẹ̀bi nínú driver?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Chip Wi-Fi RTL8822CE ló wà nínú láptọ́ọ̀pù mi, Linux ni mo ń lò, driver rẹ̀ (ètò tó ń darí chip náà) sì ni rtw88. Iná kì í dúró ládùúgbò wa, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kí bátìrì mi pẹ́ sí i. Mo rí i pé ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá méjì ni driver ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kí chip sùn, mo bá kọ work tèmi (iṣẹ́ kan tí kernel, ọkàn Linux, ń ṣe lábẹ́lẹ̀) tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo mílísẹ́kọ́ǹdù 200, mo sì gbé ìpè rtw_enter_lps, tó ń mú chip sùn, lọ síbẹ̀. Látìgbà náà, bí mo bá fi SSH (tí mo fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti òkèèrè) sílẹ̀ díẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo bá tẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde, nígbà míì Wi-Fi á já pátápátá. Bí mo bá pa power save, gbogbo rẹ̀ á dáa. Ṣé kí n kàn ju iṣẹ́ náà nù ni, àbí ọ̀nà wà tí mo lè gbà mọ ibi tó ti bàjẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú làálàá. Má tíì jù ú nù. Ẹni tó ń gbé níbi tí iná ti ń ṣe ségesège kò ní fi ọ̀rọ̀ bátìrì ṣeré, ohun tó ò ń wá tó wíwá. Àmọ́ ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ rẹ kò tíì tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. O ní bó o bá pa power save, gbogbo rẹ̀ á dáa. Nínú driver yìí gan-an, àṣẹ yẹn kì í pa oorun kan ṣoṣo. Mẹ́ta ló ń pa pọ̀, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ ti rú ọ lójú.

Oorun àkọ́kọ́ ni èyí tí láptọ́ọ̀pù àti router jọ ṣàdéhùn lé lórí. Kí chip tó sùn, ó máa ń fi packet kékeré kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí router. Null frame là ń pè é. Bit kan lórí rẹ̀ ló ń sọ pé "mo fẹ́ sùn". Láti ìgbà náà lọ, router á máa kó ohunkóhun tó bá wá fún láptọ́ọ̀pù jọ sílẹ̀ dè é. Router sì máa ń ké beacon léraléra, ní mílísẹ́kọ́ǹdù 102.4 síra wọn lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, á sì to nọ́ńbà àwọn tí ẹrù wọn wà nílẹ̀ sínú beacon náà. Chip á jí láti gbọ́ ọ. Bó bá rí nọ́ńbà tirẹ̀, á gba ẹrù. Bí kò bá rí i, á padà sùn. Èyí ni driver Realtek ń pè ní LPS.

Oorun kejì wà nínú àkọ́kọ́ yẹn. Bí chip bá ti wà nínú LPS, driver lè gbà á láyè kó tún pa púpọ̀ nínú ara rẹ̀, kó sun àsùnwọra. Ní ipò yìí, driver kò lè kàn já lu chip kó máa bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ àmì sí register kan (àyè kékeré tí a ń kọ nǹkan sí nínú chip) láti jí firmware (ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú chip fúnra rẹ̀), kó sì dúró títí firmware á fi dáhùn pé òun ti jí.

Oorun kẹta kì í ṣe ti chip nìkan, ojú ọ̀nà PCIe tó so chip mọ́ kọ̀ǹpútà ló ń sùn. ASPM lorúkọ rẹ̀, ipele L1 rẹ̀ ló kàn wá níbí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nípa rtw88 ni pé ìgbà tí driver bá ń wọ inú LPS ló máa ń ṣí ASPM ní apá ti chip, ìgbà tó bá ń jáde ló sì ń tì í. Torí náà, bó o bá ti ní:

iw dev wlan0 set power_save off

kò sí LPS mọ́, kò sí àsùnwọra, kò sì sí ASPM ní apá chip. O ti lé gbogbo àwọn tá a fura sí jáde nínú yàrá lẹ́ẹ̀kan náà. Pé ariwo dákẹ́ lẹ́yìn náà kò sọ ẹni tó ń pariwo.

Kó o tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀, kọ́kọ́ padà sórí driver bó ṣe wà nínú kernel kó o tó fọwọ́ kàn án, tan power save, kó o sì ṣe ìdánwò kan náà lójú ibi kan náà pẹ̀lú router kan náà. Mo mọ̀ pé èyí á sú ọ, ṣùgbọ́n bí ìdádúró náà bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àtúnṣe rẹ kọ́ ló bí i, ó kàn jẹ́ kó máa wáyé lemọ́lemọ́ ni. Lẹ́yìn náà, dán an wò lórí hotspot fóònù. Kì í ṣe gbogbo router tàbí fóònù ló ń tọ́jú ẹrù ẹni tó sùn dáadáa, bí àìsàn náà bá sì wà lórí ọ̀kan tí kò sí lórí èkejì, o ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oorun àkọ́kọ́ ni.

Ṣọ́ra fún NetworkManager. Bó bá tún Wi-Fi so pọ̀, ó lè tan power save padà tàbí kó pa á láìsọ fún ọ. Nínú fáìlì rẹ̀, wifi.powersave = 2 túmọ̀ sí pé kó pa á, 3 túmọ̀ sí pé kó tàn án. Lórí Ubuntu, wo abẹ́ /etc/NetworkManager/conf.d/. Kó o tó kọ èsì ìdánwò kankan sílẹ̀, ṣe iw dev wlan0 get power_save kó o fi ojú ara rẹ rí ipò tó wà.

Wàyí o, ìdánwò náà fúnra rẹ̀. Má fi ping lé Google, torí ìdádúró íntánẹ́ẹ̀tì á dà pọ̀ mọ́ ti Wi-Fi rẹ. Fi ip route wá àdírẹ́sì router, kó o sì máa ping ín ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún síra:

ping -i 5 192.168.1.1

Bó o bá ń fi ping lù ú kíákíá, chip kò ní ráyè sun àsùnwọra, àìsàn á sá pa mọ́, wàá sì rò pé ó ti lọ. Ìdákẹ́ ló ń bí ìṣòro yìí, torí náà ìdákẹ́ ló yẹ kó o fi wá a. Lẹ́yìn èyí, yí i padà: láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn tàbí fóònù, ping láptọ́ọ̀pù rẹ. Ọ̀nà méjèèjì kò rí bákan náà. Bí láptọ́ọ̀pù bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń jí láti sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, àfi kó dúró de beacon. Bó bá jẹ́ èyí tó ń wọlé nìkan ló ń bàjẹ́, ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù àti router ni kó o kọ́kọ́ fura sí, ṣùgbọ́n má tíì dá PCIe láre.

Nígbà tó o bá ń ping wọlé, bí ìlà kan bá sọ pé time=61 ms, tí èyí tó tẹ̀ lé e sọ 97, tí òmíràn sọ 12, má bínú sí i. Oorun tó dáa nìyẹn: packet dé lẹ́yìn tí beacon ti kọjá, ó dúró de òmíràn. Bí chip bá pàdánù beacon kan, nọ́ńbà náà lè sún mọ́ 200. Àmọ́ bó o bá rí 1500, tàbí tí icmp_seq fo láti 7 lọ sí 10, ìyẹn ti kúrò lóhun tí oorun ń ná èèyàn. Ẹnì kan kò jí nígbà tó yẹ kó jí.

Ta ni ẹni náà? Ibí la ti máa yà wọ́n. Inú /etc/modprobe.d/ lo ti máa kọ àwọn ìlà yìí, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, má pa méjèèjì pọ̀ níbẹ̀rẹ̀:

options rtw88_core disable_lps_deep=y

options rtw88_pci disable_aspm=y

Yọ driver kúrò, tún un gbé wọlé, kó o wò ó ní /sys/module/rtw88_core/parameters/disable_lps_deep bóyá Y ló sọ lóòótọ́. Ti ASPM náà wà lábẹ́ rtw88_pci. Jẹ́ kí power save wà ní títàn ní gbogbo ìgbà. Ìdánwò mẹ́rin ni: méjèèjì wà, àsùnwọra nìkan kò sí, ASPM nìkan kò sí, méjèèjì kò sí. Bí àìsàn bá ṣì wà nígbà tí méjèèjì kò sí, LPS fúnra rẹ̀ ló kù. Inú driver gan-an ni àtòkọ àwọn láptọ́ọ̀pù kan wà tí wọ́n ti pa ASPM fún láti ilé, torí pé lórí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn chip àti ojú ọ̀nà PCIe kì í gbọ́ra yé. Wo pci.c kó o rí i bóyá tìrẹ wà níbẹ̀.

Bí ìdánwò ti ń lọ, jẹ́ kí dmesg -w, tó ń fi ìròyìn kernel hàn, ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlà méjì ni mo fẹ́ kó o máa wá, àwọn èèyàn sì máa ń ṣi ọ̀kan gbé fún èkejì. Àkọ́kọ́ ni:

firmware failed to leave lps state

Èkejì ni:

firmware failed to ack driver for leaving Deep Power mode

Wọ́n jọ ara wọn lójú, wọn kò jọ ara wọn nínú. Èyí àkọ́kọ́ jáde láti ibi tí driver ti ń jáde nínú LPS. Níbẹ̀, firmware máa fi null frame ránṣẹ́ sí router pé "mo ti jí", á dúró kí router fi ACK (ìdáhùn pé ó ti gbọ́) dá a lóhùn, lẹ́yìn náà ni yóò tó dá register kan tó ń jẹ́ REG_TCR padà sí bó ṣe yẹ. Driver ń fún un ní mílísẹ́kọ́ǹdù 100 láti parí gbogbo èyí. Bí àkókò bá pé tí kò tíì parí, driver á fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún register náà ṣe, á sì kọ ìlà yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé chip lè wà láàyè dáadáa, kó jẹ́ pé router ni kò dáhùn, tàbí pé afẹ́fẹ́ kún fún ariwo Wi-Fi àwọn ará ilé mìíràn. Bó o bá rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́.

Ti èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Router kò sí nínú rẹ̀ rárá. Driver ló kan ilẹ̀kùn chip tí firmware kò dá a lóhùn. Bó bá tún jẹ́ pé lẹ́yìn rẹ̀, register tó o bá kà ń mú 0xffffffff jáde, chip kò sí lórí ojú ọ̀nà PCIe mọ́: nọ́ńbà yẹn ni kọ̀ǹpútà ń rí kà nígbà tí kò sí ẹni tó dáhùn. ASPM ni kó o kọ́kọ́ mú níbẹ̀.

Fún ìlà àkọ́kọ́, bó o bá ní Wi-Fi USB kan tó lè ṣe monitor mode, fi í tẹ́tí sí afẹ́fẹ́ lórí channel kan náà, kó o fi tcpdump kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì, kó o sì ṣí i nínú Wireshark. Fi wlan.fc.pwrmgt == 1 wá ìgbà tó ní òun fẹ́ sùn, kó o sì fi wlan.fc.pwrmgt == 0 wá ìgbà tó ní òun ti jí. Kò dìgbà tó o bá ní password Wi-Fi náà, torí orí packet ni bit yẹn wà, wọn kì í sì í fi kọ́kọ́rọ́ ti orí packet. Ohun tó o ń wá ni ìgbà tí láptọ́ọ̀pù sọ pé òun ti jí: ṣé ó sọ ọ́ lóòótọ́, ṣé ACK tẹ̀ lé e? Bí kò bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ wà nínú láptọ́ọ̀pù. Bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí router kò fèsì, o ti mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Títí dé ibí yìí, ẹnikẹ́ni tí Wi-Fi rẹ̀ ń ṣe báyìí lè tẹ̀ lé mi. Àmọ́ ìwọ ti fọwọ́ kan koodu, mo sì rí nǹkan mélòó kan nínú ohun tó o ṣàlàyé tí mo fura sí gidi.

Èyí tó tóbi jù: nọ́ńbà 50. Nínú driver, rtw_watch_dog_work ló ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì. Bí packet tó jáde tàbí tó wọlé láàárín àkókò náà bá ju RTW_LPS_THRESHOLD lọ, ìyẹn 50, á ní iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, chip kò ní sùn. Packet 50 ní ìṣẹ́jú àáyá méjì jẹ́ 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwọ wá sọ àkókò di mílísẹ́kọ́ǹdù 200, àfi bó o bá fi ọwọ́ kan 50 náà tí o kò sọ fún mi. Packet 50 ní mílísẹ́kọ́ǹdù 200 jẹ́ 250 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí já sí pé bí packet 240 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, driver rẹ á ní ibi gbogbo pa rọ́rọ́, á sì ní kí chip lọ sùn. Chip á máa sùn, á máa jí, láàárín iṣẹ́. Bó o bá fẹ́ kí òṣùwọ̀n náà dúró bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, 5 ló yẹ kó jẹ́. Tún wò ó bóyá work tìrẹ àti watchdog jọ ń ka nọ́ńbà kan náà tí wọ́n sì jọ ń dá a padà sí òdo, torí bí ẹ bá jọ ń ṣe é, ẹnì kìíní á máa jí ìṣirò ẹnì kejì.

Òmíràn ni àwọn ìlà tó wà lókè ìpè yẹn níbi tó wà tẹ́lẹ̀. O gbé rtw_enter_lps kúrò, ṣé o gbé àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e? Watchdog kì í kàn pè é. Ó máa ń wò ó bóyá chip ń wá router mìíràn lọ́wọ́, bóyá beacon ti ń sọnù, bóyá station kan ṣoṣo ló wà. Bó o bá mú chip sùn nígbà tó ń wá router, tàbí nígbà tí beacon ti ń sọnù tó yẹ kó wà lójúfò, Wi-Fi á já. Ibí ni mo máa kọ́kọ́ wá ìdí tí tìrẹ fi ń já pátápátá.

Ẹ̀kẹta ni lock. rtw_enter_lps retí pé kí ẹni tó bá pè é ti di rtwdev->mutex mú, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí ẹnì kan ṣoṣo lè dì mú lẹ́ẹ̀kan. Bí work rẹ kò bá dì í mú, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn máa mú chip jáde nínú LPS lákòókò kan náà tí ìwọ ń tì í wọlé, kí àmì tó wà nínú driver máa sọ pé ó sùn nígbà tí kò sùn. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Tan CONFIG_PROVE_LOCKING nínú kernel ìdánwò rẹ. Bó o bá ṣẹ̀ sí òfin yìí, kernel fúnra rẹ̀ á pariwo sínú dmesg, kò dìgbà tó o bá ń méfò. Ní ibi tí driver ti ń dúró, ìyẹn rtw_core_stop, o gbọ́dọ̀ fagi lé work rẹ pẹ̀lú cancel_delayed_work_sync, àmọ́ má ṣe é nígbà tí mutex wà lọ́wọ́ rẹ. Wo bí wọ́n ṣe ṣe é fún watchdog: wọ́n tú mutex sílẹ̀ ná, wọ́n fagi lé iṣẹ́, wọ́n tún dì í mú padà. Bó o bá ṣe é lódì, work á máa dúró de mutex, ìwọ náà á máa dúró de work, kò sẹ́ni tó máa kúrò lójú kan.

Má sì pe nǹkan tó wà nísàlẹ̀ rtw_enter_lps ní tààràtà nítorí pé o fẹ́ kó yá. Ní apá PCIe, driver máa ń di irq_lock mú, á yẹ ìlà àwọn packet tó ń dúró láti jáde wò, bí ọ̀kan bá ṣì wà níbẹ̀ kò ní jẹ́ kí chip sun àsùnwọra, torí pé chip tó ti sùn wọra kò gbọ́dọ̀ máa gbé packet jáde láti inú mẹ́mọ́rì.

Má fi printk wá èyí. Ìlà tó o bá ń tẹ̀ jáde ń fa àkókò gùn, ìsáré méjì tó ń kọlu ara wọn á sì pínyà lójú rẹ. Lo trace-cmd:

trace-cmd record -p function -l 'rtw_*lps*'

Wàá rí ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, àti work tó pè é, pẹ̀lú àkókò wọn.

Lẹ́yìn náà, fọ́ àtúnṣe rẹ sí commit kéékèèké: ọ̀kan fún work, ọ̀kan fún àkókò, ọ̀kan fún nọ́ńbà 50. Bí git bisect, tó ń wá commit tó ba nǹkan jẹ́, bá wọ̀ ọ́, lò ó, ṣùgbọ́n ìdájọ́ "good" gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ ju ìdájọ́ "bad" lọ, torí àìsàn tó ń wá tó ń lọ lè má yọjú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Má sì gba gbogbo ohun tí bisect bá sọ gbọ́ láìwò ó. Ó ṣẹlẹ̀ sí RTL8821CE, àbúrò chip tìrẹ: àwọn kọ̀ǹpútà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gan pa lẹ́yìn tí wọ́n fi NAPI (ọ̀nà tí kernel ń gbà kó packet wọlé lápapọ̀) sínú rtw88, bisect sì nàka sí commit NAPI. Ojútùú tó wọlé ní 2022 kò yọ NAPI kúrò rárá. Ohun tó ṣe ni pé ó ti ASPM ní gbogbo ìgbà tí NAPI bá ń kó packet wọlé. ASPM ti ń ṣàìsàn tipẹ́, NAPI kàn fi hàn ni.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló kù. Yọ wáyà iná, jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ojú láptọ́ọ̀pù dúró lójú kan, kó o máa ka /sys/class/power_supply/BAT0/power_now. Máíkírówáàtì ló ń sọ. Bí kò bá sí lórí tìrẹ, ka current_now àti voltage_now kó o sọ wọ́n di púpọ̀. Fi driver tìrẹ wé ti kernel nínú ìdákẹ́, kó o tún fi wọ́n wé ara wọn nígbà tó o bá ń ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lójú tèmi, mílísẹ́kọ́ǹdù 200 ti yá jù: gbogbo ìgbà tí chip bá sùn tó tún jí, null frame ń lọ, firmware ń ṣiṣẹ́, ìyẹn náà ń jẹ iná. Ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú 25 dípò 50, ni mo máa kọ́kọ́ dán wò. Bí power_now kò bá fi ìyàtọ̀ kankan hàn, fi ti kernel sílẹ̀ bó ṣe wà, kó o sì dín ìmọ́lẹ̀ ojú láptọ́ọ̀pù kù, torí ìyẹn ń jẹ bátìrì ju Wi-Fi tó jókòó jẹ́ẹ́ lọ dáadáa.

Kọ̀wé sí mi padà pẹ̀lú èsì ìdánwò mẹ́rin yẹn, ìlà tí dmesg mú jáde nínú méjèèjì, àti irú router tó o lò. Fi diff rẹ sí i, kí n lè rí ibi tó o ti di mutex mú.